Oṣù Wo Lo Ya Àwòrán Yẹn?

Ó ti lé ní oṣù kan ààbọ̀ tí ìbéèrè kan ti ń tẹ̀ lé mi kiri. Mo gbọ́ ọ nínú balùwẹ̀, mo gbọ́ ọ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, mo tún gbọ́ ọ lálẹ́ nígbà tó yẹ kí n ti sùn. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni: "Oṣù wo lo ya àwòrán yẹn?" Ẹni tó bi mí kò bínú. Ohùn rẹ̀ tutù bí ẹni tó ń béèrè iye tí wọ́n ń ta kóńgò garí. Síbẹ̀, ìbéèrè náà wó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lulẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ka àwòrán ilẹ̀ tí sátẹ́láìtì ń yà láti ojú ọ̀run. Igi gangaran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó: mo fẹ́ràn òwe yìí débi pé mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé tí mo fi ń ṣiṣẹ́ nígbà tí mo wà ní Ifẹ̀, torí ó dà bíi pé iṣẹ́ wa gan-an ló ń sọ. RECTAS, ilé ẹ̀kọ́ àwòrán ilẹ̀ tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ni mo ti kọ́ṣẹ́. AFRIGIST ni wọ́n ń pè é nísinsìnyí. Ọdún 1972 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ọdún yẹn náà sì ni Amẹ́ríkà rán Landsat àkọ́kọ́, sátẹ́láìtì tó ń ya àwòrán ilẹ̀, sójú ọ̀run. Àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn tó ń sọ Faransé ló jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, láti oríṣiríṣi ilẹ̀ Áfíríkà. Níbẹ̀ lèmi àti Málàm ti pàdé. Ará agbègbè Zinder ní orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r ni, ó fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, ọmọ àgbẹ̀ sì ni bíi tèmi.

## Àwòrán oṣù kẹsàn-án

Kò sẹ́ni tó ń ṣe irú iṣẹ́ mi tí kò tíì gbọ́ ìtàn igi Nìjẹ̀r: pé àwọn àgbẹ̀ ìhà gúúsù ibẹ̀, ní Maradi àti Zinder, ti sọ ilẹ̀ tó tó mílíọ̀nù 5 hẹ́kítà di ilẹ̀ onígi padà, tó sì jẹ́ pé díẹ̀ ni wọ́n fi ọwọ́ gbìn nínú igi ọ̀hún. Ìtàn náà máa ń bí mi nínú díẹ̀, kí n má purọ́. Ta ló lọ kà á? Lẹ́yìn náà ni mo tún wá gbọ́ pé béèyàn bá wo ẹnubodè láti òkè, igi tiwọn pọ̀ ju igi Nàìjíríà lọ. Àwa tí òjò ń rọ̀ fún jù wọ́n lọ! Mo ní màá yẹ̀ ẹ́ wò fúnra mi.

Mo mú ilẹ̀ tó wà láàárín Daura ní ìpínlẹ̀ Katsina àti Magaria ní Zinder. Haúsá ni wọ́n ń sọ lápá méjèèjì, iyanrìn kan náà ni wọ́n ń ro, ọkà jéró àti ọkà bàbà ni wọ́n ń gbìn. Àwòrán Sentinel-2 ni mo lò, sátẹ́láìtì àwọn ará Yúróòpù tó ti wà lókè láti 2015, tí ẹnikẹ́ni lè gba àwòrán rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àmì kọ̀ọ̀kan nínú àwòrán yẹn dúró fún ilẹ̀ mítà 10 níbùú, mítà 10 lóròó. Mo yan ti ìparí oṣù kẹsàn-án, torí pé ìkùukùu ti ń kúrò lójú ọ̀run nígbà yẹn, ewé sì wà níbi gbogbo. Èrò mi ni pé ìgbà tí ewé bá pọ̀ jù ló yẹ ká wá igi.

Bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀ kò le. Ewé tútù máa ń gba ìmọ́lẹ̀ pupa sára, òun ló fi ń se oúnjẹ tirẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ míì wà lẹ́yìn pupa, tí ojú ọmọ èèyàn ò lè rí. Ìyẹn ni ewé máa ń tari padà sókè. Sátẹ́láìtì rí méjèèjì. Bí a bá yọ pupa kúrò nínú èkejì, tí a wá fi àròpọ̀ wọn pín ohun tó ṣẹ́ kù, iye tí a bá rí ni wọ́n ń pè ní NDVI. Bó bá ti ń sún mọ́ 1, ewé ti kún ibẹ̀. Ilẹ̀ gbígbẹ kì í jìnnà sí òdo. Nínú ìṣirò kékeré yìí ni ọ̀pọ̀ ohun tí ẹ ń gbọ́ nípa aṣálẹ̀ ti ń jáde.

Mo ṣe é. Apá Nàìjíríà tutù yọ̀yọ̀, ti Nìjẹ̀r náà tutù, tiwa tilẹ̀ fi díẹ̀ borí. Mo wá ẹnubodè nínú àwòrán náà títí, n kò rí i. Mo wá kọ ojú ìwé mẹ́rin pé kò sí ìyàtọ̀ kankan, pé àsọdùn ti wọ ìtàn igi Nìjẹ̀r. Mo fi ránṣẹ́ sí Málàm kó bá mi wò ó kí n tó fi han ọ̀gá mi. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn, mo ra súyà lọ fún àwọn ará ilé.

## Igi tó bá òjò ṣọ̀tá

Ọjọ́ kejì ló pè mí. Ó kí mi, ó béèrè ìyá mi, ó béèrè àwọn ọmọ, ó béèrè bóyá wọ́n ń múná wá. Ó wá dákẹ́ díẹ̀.

"Oṣù wo lo ya àwòrán yẹn?"

"September ni, Málàm."

"Ṣé o mọ gawo?"

Mo ní mo mọ̀ ọ́n, mo tilẹ̀ pe orúkọ rẹ̀ tó wà nínú ìwé: Faidherbia albida. Ó ní òun ò béèrè orúkọ, ṣé mo mọ ìwà rẹ̀. Mo dákẹ́. Ó wá ṣàlàyé fún mi bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ẹbí rẹ̀. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, tí igi yòókù ń rúwé, gawo á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́wé. Ìhòòhò ni yóò wà títí wọn ó fi kórè ọkà, èèyàn á rò pé ó ti kú. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, tí gbogbo nǹkan gbẹ táútáú, ìgbà náà ni yóò tó hu ewé tirẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni màlúù àti ewúrẹ́ ń sá òòrùn sí, wọ́n ń jẹ èso rẹ̀ tó ká kóróbótó bí etí, wọ́n sì ń su síbẹ̀. Lásìkò ọkà ẹ̀wẹ̀, kì í ṣíji bo irúgbìn, ewé tó já sílẹ̀ á ti di ajílẹ̀ fún un. Ìdí nìyẹn tí àgbẹ̀ tó bá mọ iyì rẹ̀ kì í fi í gé e.

"Ìhòòhò ló wà lọ́jọ́ tí o yà á," ni Málàm wí. "Ọkà lo kà. O ò tíì ka igi."

Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Nínú gbogbo àlejò ayé, n kò mọ èyí tó lójú tó sátẹ́láìtì, èmi ni mo sì fà á lọ́wọ́ lọ sí ilẹ̀ onílẹ̀ lásìkò tí kò ti lè rí ohun tí mo ní kó wá.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwòrán oṣù kìíní. Eruku ọyẹ́ ti ba mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́, wọ́n funfun bí ẹni da èlùbọ́ sí i. Ìkẹrin mọ́ rekete. Ilẹ̀ kan náà ni, ìṣirò kan náà ni. Iná lọ, mo tan fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, mo ń wò ó bó ṣe ń já wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó máa fi parí, ilẹ̀ ti pupa rẹ́súrẹ́sú bí ara ìkòkò. Nísàlẹ̀, lọ́dọ̀ tiwa, àmì ewé fọ́n ká: ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́ọ̀ọ́kán. Lókè, wọ́n pọ̀ bí ìgbà tí èèyàn wọ́n ata gígún sórí ẹran. Láàárín méjèèjì, ìlà kan jáde.

N kò tíì gbé àwòrán ẹnubodè lé e. Nígbà tí mo wá gbé e lé e, ó bá ìlà yẹn lọ ní ibi tó pọ̀. Ohun tí àwọn Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà sórí bébà nígbà tí wọ́n ń pín ilẹ̀ onílẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ni igi wá ń fi ewé kọ sílẹ̀, tí mo fi lè kà á láti ojú ọ̀run. Ó kù díẹ̀ kí n sunkún. Mo pa ojú ìwé mẹ́rin yẹn rẹ́ kí n tó sùn.

## Ogún ọdún tí ẹnikẹ́ni ò béèrè

Ọdún 1983 ni Tony Rinaudo, ará Ọsirélíà tó ń ṣiṣẹ́ míṣọ́nnárì ní Maradi, dá mọ́tò rẹ̀ dúró láti jo afẹ́fẹ́ táyà kó lè gba orí iyanrìn kọjá. Igi tí wọ́n ti ń gbìn láti ọdún pípẹ́ ti kú lọ́pọ̀lọpọ̀, ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀. Ó wo igbó kúkúrú kan lẹ́bàá ọ̀nà, ó wò ó dáadáa, ó sì rí i pé kùkùté igi ńlá ni, tó ń hu ẹ̀ka titun. Gbòǹgbò wà láàyè nísàlẹ̀ ní gbogbo oko. Ká kàn yan ẹ̀ka díẹ̀ tó dára, ká gé ìyókù kúrò, ká má jẹ́ kí ẹran jẹ ẹ́: gbogbo ẹ̀kọ́ náà kò ju ìyẹn lọ. Àgbẹ̀ ń rí i lára àgbẹ̀, ó sì tàn ká.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tọ́jú kùkùté kọ́ ni ìdí tí mo fi ń sọ ìtàn yìí. Láti ìgbà ìjọba amúnisìn, ti ìjọba ni igi tó wà lóko àgbẹ̀ ní Nìjẹ̀r. Ẹni tó bá gé e láìgbàṣẹ, àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó á bu owó ìtanràn lé e. Èwo ni kí èèyàn máa tọ́jú ohun tí kì í ṣe tirẹ̀? Nígbà tí ọwọ́ ìjọba dẹ̀, tí àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rí igi oko rẹ̀ bí ohun ìní tirẹ̀, ìgbà yẹn ni igi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, èèyàn pọ̀ jù, ilẹ̀ há, ọjà igi ìdáná sì ń pè láti àwọn ìlú ńlá bíi Kano. Mo rò ó títí, mo wá gbà pé ìlà inú àwòrán mi kì í ṣe ọ̀rọ̀ òjò rárá. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ni igi ni.

Ohun tó sì ń gbé mi lọ́kàn jù nìyí. Láti 1972, sátẹ́láìtì Landsat kan tàbí òmíràn ti ń kọjá lórí ilẹ̀ yẹn. Ó ti tó ogójì ọdún tí àkókò ìpadàbọ̀ rẹ̀ sójú kan náà ti jẹ́ ọjọ́ 16. Ó ń ya àwòrán bí igi ṣe ń padà bọ̀, ọdún dé, ọdún lọ. Síbẹ̀, ó tó nǹkan bí ogún ọdún kí àwọn tó wà níta tó mọ̀. Ìgbà tí Gray Tappan, onímọ̀ àwòrán ilẹ̀ ní USGS, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí ilẹ̀, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwòrán ọkọ̀ òfuurufú ìgbà àtijọ́ wé ti tuntun ni ìwọ̀n rẹ̀ tó hàn sí gbogbo ayé. Àwòrán ò sùn. Kò sẹ́ni tó bi í ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìtàn aṣálẹ̀ tó ń rìn bọ̀. Ní 1975, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Hugh Lamprey wo ilẹ̀ Sudan láti inú bàálù, ó fi ohun tó rí wé àwòrán ilẹ̀ ọdún 1958, ó ní aṣálẹ̀ ń fi kìlómítà 5.5 sún síwájú lọ́dọọdún. Iye yẹn lọ káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n ọ̀dá ńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ jà tán ní 1975 ni. Nígbà tó di 1991, Compton Tucker ti NASA àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àwòrán sátẹ́láìtì láti 1980 dé 1990 jáde: etí aṣálẹ̀ Sàhárà sún sí gúúsù títí di 1984, ó padà sí àríwá lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó tún ń lọ, ó tún ń bọ̀, bí òjò ṣe ń ṣe sí. Ẹni tó bá mú ọdún méjì péré nínú rẹ̀, tó fi ìlà so wọ́n pọ̀, yóò rí ohun tó bá wù ú. Adágún Chad náà ńkọ́? Àwòrán ìgbà tí omi rẹ̀ wálẹ̀ láti bíi kìlómítà oníbùú-lóròó 25,000 ní àwọn ọdún 1960 sí ohun tí kò tó 2,000 ní àwọn ọdún 1980 ni gbogbo ènìyàn ń pín kiri títí dòní, bíi pé ọjọ́ dúró síbẹ̀. Omi rẹ̀ ti gbé orí sókè díẹ̀ láti ìgbà náà.

## Ewé tútù tó ń pa apẹja lẹ́kún

Ó tún kù. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Málàm, mo padà sí iṣẹ́ kan tí mo ti ṣe tẹ́lẹ̀ lórí ilẹ̀ àbàtà Hadejia-Nguru, ní Jigawa àti Yobe. Nínú iṣẹ́ yẹn mo ti kọ ọ́ pé ibẹ̀ ń dára sí i, nítorí pé NDVI rẹ̀ ń gòkè. Mo pe apẹja kan níbẹ̀, ẹnìkan ló fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀. Ó ní, "Kachalla lo rí yẹn." Koríko gíga kan ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní typha nínú ìwé. Ó ti dí ojú omi, ọkọ̀ ojú omi ò rí ọ̀nà gbà, omi ò dé oko, àwọn ẹyẹ kéékèèké tó ń jẹ ọkà sì fi ibẹ̀ ṣe ilé. Lójú sátẹ́láìtì, ewé tó dára jù lọ ní gbogbo agbègbè yẹn ni.

Bomubomu ńkọ́, tí ẹ̀ ń rí lẹ́bàá ọ̀nà, tí ewúrẹ́ kì í fẹnu kàn? Ó fẹ́ràn ilẹ̀ tó ti ṣá. NDVI kà á mọ́ ewé. Ní àárín gbùngbùn Senegal, Tappan àti Stefanie Herrmann rí i pé ilẹ̀ tutù sí i lójú sátẹ́láìtì, àmọ́ nígbà tí wọ́n dé ilẹ̀, irú igi tó wà níbẹ̀ ti dín kù. Àwọn ará abúlé ló mọ orúkọ èyí tó ti lọ.

Mi ò ní kí a sọ sátẹ́láìtì nù o. Ní 2020, Martin Brandt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka igi lọ́kọ̀ọ̀kan lórí ilẹ̀ kìlómítà oníbùú-lóròó mílíọ̀nù 1.3 ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, nínú Sàhárà, Sahel (ilẹ̀ gbígbẹ tó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ náà) àti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Igi bílíọ̀nù 1.8 ni wọ́n rí, níbi tí púpọ̀ nínú wa ti rò pé òfìfo ni. Kọ̀ǹpútà ló kà á. Ṣùgbọ́n kí kọ̀ǹpútà tó mọ igi yàtọ̀ sí òkúta, Brandt ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fàlà yí igi tó sún mọ́ 90,000 ká lójú àwòrán. Mo máa ń ronú nípa ìjókòó yẹn. Ojú rẹ̀ á ti pupa. Ọ̀wọ̀ tí mo ní fún un pọ̀, torí ó gbà pé ẹnìkan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ igi.

Ìpínlẹ̀ 11 ní òkè Ọya ló wà nínú iṣẹ́ Ògiri Aláwọ̀ Ewé, iṣẹ́ dídá igi padà sí etí aṣálẹ̀ Sàhárà, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ ní 2007. Ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi. Bó bá jẹ́ èmi ni, kí a tó ra irúgbìn ẹyọ kan, màá kọ́kọ́ mú àwòrán ẹ̀ẹ̀rùn, kí a wo ibi tí kùkùté ti ń hu fúnra rẹ̀, kí a sì béèrè lọ́wọ́ olóko ohun tó ń dí i lọ́wọ́ láti jẹ́ kó dàgbà. Mo mọ̀ pé kò rọrùn láti dé ibẹ̀. Àwọn apá kan wà ní Zamfara àti Katsina tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò lè tẹ̀ báyìí nítorí àwọn agbébọn, àwòrán òkèèrè nìkan ló kù wá kù. Ìdí nìyẹn gan-an tí fóònù fi ṣe pàtàkì. Báyìí, kí n tó kọ ọ̀rọ̀ kan nípa ilẹ̀ kan, mo gbọ́dọ̀ ti bá ẹni mẹ́ta tó ń dáko níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀gá mi ní ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Òótọ́ ni, ó ń fà á.

## Ilẹ̀ tiwa

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ṣí àwòrán oko bàbá mi ní Ìgbòho. Bí bàbá mi bá ń ṣánko nígbà ayé wọn, wọ́n máa ń fi igi òrí àti igi igbá sílẹ̀, wọn kì í jẹ́ kí àdá kàn án. Wọn ò ṣàlàyé, àwa náà ò béèrè. Ìyá mi ló ń ṣa èso òrí yẹn, òun ló fi ń ṣe òrí tà, nínú rẹ̀ ni owó ilé ìwé mi ti wá. Báyìí, àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń kó èédú ń jáde láti Òkè-Ògùn, mo sì ń rí ilẹ̀ tó ń fẹ̀ síta láàárín igi. Mo fẹ́ mọ èyí tó kù.

Ṣùgbọ́n kí n tó yan àwòrán, mo dá ọwọ́ dúró. Mo pe ìyá mi.

"Màámi, oṣù wo ni igi òrí oko wa máa ń wọ́wé?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Èwo nínú wọn?"

Wọ́n ní èyí tó wà létí odò kì í tètè wọ́wé. Wọ́n ní àwọn méjì orí òkúta, ọyẹ́ kì í tíì mú tán tí wọ́n á ti wọ́wé tán, òdòdó ni wọ́n á sì kọ́kọ́ yọ. Wọ́n ní èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahéré. Mo ní kí wọ́n dúró ná, kí n mú bírò.